Ọ̀nà Ààfin, Ọ̀nà Asáré: Ohun tí Eré Ìje Ìgboro Ń Sọ fún Àwọn Ọmọ Àjàṣẹ́

Láyé àtijọ́, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè ti ọ̀nà ìgboro. Ọba ló lè tì í, tàbí awo tí ó ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ ọba àti ìlú. Bí Orò bá jáde, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Bí Zangbeto bá ń ṣọ́ ìlú lóru ní Àjàṣẹ́, ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà a yà fún un. Ọ̀nà ìlú kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó. Ẹni tí ó bá lè dá ìrìn àwọn ẹlòmíràn dúró lórí rẹ̀ ni ìlú mọ̀ ní aláṣẹ.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ àṣà àti oyè jẹ lógún fara balẹ̀ wo ohun kan tí ó ti ń gbilẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Áfíríkà: eré ìje orí títì tí wọ́n ń sá lọ́dọọdún. Ìjọba a ti ọ̀nà láti ìdájí, ọkọ̀ kò ní kọjá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn a sì fi ẹsẹ̀ wọn gba àárín ìgboro. Àgbà nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni máràtọ́ọ̀nù, tí àwọn oníròyìn Yorùbá ń pè ní eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin. Ìdajì rẹ̀, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní semi-marathon, jẹ́ kìlómítà 21 àti mítà 97 àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka gbogbo rẹ̀ sí eré ìdárayá lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tú ìtàn rẹ̀ wò yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ààfin, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ọ̀nà ló wà nídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí a fi rán ẹsẹ̀

Kí wáyà àti tẹlifóònù tó dé, orí ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọba ń gùn. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ni ojú àti ẹnu Aláàfin lóde. Apá kan orí wọn ni wọ́n máa ń fá, kí ẹni tí ó bá rí wọn lọ́nà lè mọ̀ pé ẹni ọba ni wọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gba ìkọ̀kọ̀, àrokò ni wọ́n ń di ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a rán an sí. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Òǹkà fúnra rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀. Ní Abomey, ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń pè ní makpo ni ońṣẹ́ ọba ń mú dání. Àwọn Faransé ń pè é ní récade, láti inú ọ̀rọ̀ Potogí kan tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ tí a rán ni. Ẹni tí a bá fi ọ̀pá náà hàn a bu ọlá fún un bí ẹni pé ọba gan-an ló dúró níbẹ̀.

Irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà ní ìpìlẹ̀ eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin. Herodotus, òpìtàn ilẹ̀ Gíríìkì, kọ ọ́ pé nígbà tí ogun Páṣíà gúnlẹ̀ sí Marathon ní ọdún 490 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Athens rán asáré kan tí ń jẹ́ Pheidippides lọ sí Sparta láti tọrọ ìrànlọ́wọ́. Ìrìn náà ju igba kìlómítà lọ, ó sì dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ìtàn mìíràn sọ pé asáré kan gbéra láti Marathon wá sí Athens láti kéde ìṣẹ́gun, ó jíṣẹ́ tán, ó sì ṣubú lulẹ̀, ó kú. Ìtàn kejì yìí kò sí nínú ìwé Herodotus rárá. Àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n gbé ayé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Síbẹ̀, òun ni ayé gbà.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ló sọ ìtàn náà di eré ìje. Michel Bréal, onímọ̀ èdè tí ó ń kọ́ni ní Collège de France, ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà sémantique di gbajúmọ̀, ni ó dá a lábàá fún Pierre de Coubertin pé kí wọ́n fi í kún Ìdíje Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ ní Athens ní ọdún 1896. Ó fi ife fàdákà kan lélẹ̀ fún ẹni tí yóò borí. Spyridon Louis, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, ni ó gbà á.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kò kéré. Ìtàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé lórí ti di ọ̀nà tí ẹsẹ̀ gidi ń tọ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ kò ní fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìtàn ìpìlẹ̀ méjì ni òun náà bá nílé. Àwọn Yorùbá sọ nípa àwọn ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, àti nípa abàmì ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án tí wọ́n rí ní ibi ọ̀gán, èyí tí wọ́n ń bọ títí di òní ní àdúgbò Akron ní orúkọ Avessan. Àwọn Ẹ̀gùn sọ nípa Te-Agbanlin, ọmọ ọba tí ó ti Allada wá, tí ó sì dá ìjọba Hogbonou sílẹ̀. Ìtàn kan kò pa ìkejì. Ìlú ń gbé lórí àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta: Àjàṣẹ́ lẹ́nu Yorùbá, Hogbonou lẹ́nu Ẹ̀gùn, àti Porto-Novo, orúkọ tí àwọn Potogí fún un ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún.

Òṣùwọ̀n tí ó ti ààfin wá

Láti ọdún 1896, gígùn eré náà kò dúró sójú kan; nǹkan bí kìlómítà 40 ni. Ilé ọba ni ó yí i padà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1908, àwọn asáré Òlíḿpíìkì gbéra ní ààfin Windsor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì parí eré wọn ní iwájú ìjókòó ìdílé ọba nínú pápá ìṣeré ńlá kan ní ìwọ̀-oòrùn London. Láti ààfin dé pápá jẹ́ máìlì 26. Nínú pápá, títí dé iwájú ìjókòó ọba, jẹ́ yáàdì 385. Dorando Pietri, ará Ítálì, ni ó kọ́kọ́ wọ inú pápá, ṣùgbọ́n agbára ti tán nínú rẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, títí àwọn alábòójútó fi dì í mú kọjá ìlà. Wọ́n gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìrànlọ́wọ́ yìí, wọ́n fi fún Johnny Hayes, ará Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kejì, Ayaba Alexandra fi ife kan ta Pietri lọ́rẹ.

Ní ọdún 1921, ẹgbẹ́ tí ń darí eré sísá lágbàáyé fọwọ́ sí i pé gígùn ti London náà, kìlómítà 42 àti mítà 195, ni yóò jẹ́ òṣùwọ̀n títí láé. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ jáde, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn ìlàrí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sá ìdajì máràtọ́ọ̀nù ní ìlú èyíkéyìí lónìí, ìdajì ọ̀nà láti ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì dé iwájú ìjókòó rẹ̀ ni ó sá, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ọdún 1908 kan náà ní Àjàṣẹ́

Ọdún 1908 kì í ṣe ọdún lásán fún àwọn ọmọ Àjàṣẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún náà, oṣù márùn-ún ṣáájú eré London, Ọba Toffa wàjà. Ó ti wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1874.

Ìtàn Toffa kò rọrùn láti sọ, pàápàá láàárín àwọn àtọmọdọ́mọ. Ní ọdún 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Àjàṣẹ́. Ní ọdún 1863, Ọba Sodji fi ìlú sábẹ́ ààbò Faransé. Toffa tún ààbò náà gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, nítorí Gẹ̀ẹ́sì wà ní Èkó, Abomey kò sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Béhanzin, ẹ̀yìn Faransé ni Àjàṣẹ́ wà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1890, wọ́n jà ní Atchoukpa, nítòsí ìlú. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gágun Dodds ṣẹ́gun Abomey ní ọdún 1892, ó sì kó àwọn ohun ọlá ààfin lọ sí Faransé. Àjàṣẹ́ ní tirẹ̀ di olú ìlú ilẹ̀ Dàhòmì lábẹ́ àwọn amúnisìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yẹn kò tọ́jọ́ ju ẹ̀mí Toffa lọ. Nígbà tí ó wàjà, Faransé kò jẹ́ kí arọ́pò rẹ̀ jẹ orúkọ ọba mọ́. Chef supérieur ni wọ́n pè é. Ní ọdún kan ṣoṣo, ìjókòó ọba kan ní London di òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé, ìtẹ́ ọba kan ní Àjàṣẹ́ sì di ipò tí gómìnà ń fúnni. Kò sí ẹni tí ó pète pé kí àwọn méjèèjì bọ́ sí ọdún kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ọjọ́ méjèèjì pọ̀ yóò lóye ohun tí àwọn baba ńlá pàdánù: ẹ̀tọ́ láti fi ààfin tiwọn ṣe ìwọ̀n ohun tí ó yí wọn ká.

Bikila àti òkúta Aksum

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ogójì ọjọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ Dàhòmì gba òmìnira, ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú òmìnira Nàìjíríà, ọmọ Etiópíà kan tí ń jẹ́ Abebe Bikila fi ẹsẹ̀ lásán sáré ní ìgboro Róòmù. Wákàtí méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlógún ló fi parí rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, lábẹ́ ẹnu ọ̀nà ìṣẹ́gun Constantine. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà Òlíḿpíìkì nínú eré náà.

Ohun tí àwọn olùtọ́jú àṣà gbọdọ̀ fi sọ́kàn ni ibi tí ó ti já àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òpó òkúta Aksum ni, òpó ọlá àwọn ọba Etiópíà àtijọ́, tí àwọn ọmọ ogun Mussolini gbé wá sí Róòmù ní ọdún 1937. Fún ọ̀pọ̀ àwọn ará Róòmù, ohun ọ̀ṣọ́ ìlú ni òpó náà. Fún Bikila, ohun ìní ilé rẹ̀ ni. Ọdún 2005 ni wọ́n tó dá a padà sí Aksum, wọ́n sì tún un nàró ní ọdún 2008.

Àwọn ará Benin mọ irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ohun ọlá 26 tí Dodds kó ní Abomey padà sí Cotonou láti Faransé. Ohun tí Bikila fi hàn ni pé ọ̀nà tí wọ́n yàn fún eré lè sọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó yà á kò ní lọ́kàn. Àwọn ará Ítálì ni wọ́n pinnu ibi tí eré náà yóò gbà. Asáré kan láti Etiópíà ni ó fún ibẹ̀ ní ìtumọ̀, nítorí pé ó mọ ohun tí ó ń kọjá lára rẹ̀.

Èkó: ọ̀nà Ẹ̀yọ̀ àti ọ̀nà asáré

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Èkó ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 ni Máràtọ́ọ̀nù Ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀, láti Pápá Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, gba orí afárá Third Mainland, títí dé Eko Atlantic, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun. Abraham Kiptum, ará Kenya, ló borí nínú àwọn ọkùnrin. Afárá tí ó ju kìlómítà mọ́kànlá lọ, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká, di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún òwúrọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n Èkó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀nà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1854, wọ́n ṣe Ẹ̀yọ̀ láti fi ọlá fún Ọba Akíntóyè tí ó ti wàjà. Láti ìgbà náà, bí Adámú Òrìṣà bá ti fẹ́ jáde, Ìsàlẹ̀ Èkó a kún fún aṣọ funfun àti ọ̀pámbàtà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà, kò gbọdọ̀ mu sìgá, obìnrin kò gbọdọ̀ di ṣùkú, níwájú Ẹ̀yọ̀. Ọ̀nà Ẹ̀yọ̀ jẹ́ ọ̀nà tí ó ní èèwọ̀. Ọ̀nà asáré ní òfin tirẹ̀ pẹ̀lú: nọ́ńbà láyà, ìlà tí a kò gbọdọ̀ gé kọjá, ìrànlọ́wọ́ tí a kò gbọdọ̀ gbà. Pietri ni yóò jẹ́rìí sí ìyẹn.

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bò mọ́lẹ̀. Ọ̀nà awo kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Nígbà Orò, obìnrin a wà nínú ilé. Ọ̀nà asáré ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ti fi orúkọ sílẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ bíbí ìlú àti àlejò. Ìyẹn náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1967, alákòóso kan fẹ́ fipá lé Kathrine Switzer kúrò lójú ọ̀nà ní Boston nítorí pé obìnrin ni, ó sì parí eré rẹ̀. Ọdún 1984 ni àwọn obìnrin tó sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ní Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́. Nítorí náà, kò tọ́ kí a sọ pé eré ìje ti rọ́pò ọdún ìbílẹ̀, kò sì tọ́ kí a sọ pé ọ̀tá rẹ̀ ni. Awo ń fi hàn pé ìlú ní àṣírí àti ọ̀wọ̀. Eré ìje ń fi hàn pé ìlú ní àyè fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Ìlú tí ó bá gbọ́n kò ní jẹ́ kí ọjọ́ méjèèjì kọlu ara wọn lórí kàlẹ́ńdà.

Kìlómítà 21 ní Àjàṣẹ́

Láti Cotonou dé Àjàṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 30. Ẹni tí ó bá sá 21 nínú ìgboro Àjàṣẹ́ yóò rí ìtàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ààfin Honmè wà níbẹ̀, ilé àwọn ọba, tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Akron wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojúbọ Avessan. Mọ́sáláṣí Ńlá wà níbẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1912, tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Bràsíìlì nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀lé ti rí àpẹẹrẹ. Ọgbà ewéko tí ó jẹ́ igbó ọ̀wọ̀ ìdílé Migan tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjà Ouando wà ní àríwá, ọ̀sà wà ní gúúsù.

Ṣùgbọ́n àwọn àmì wọ̀nyí kì í ṣe òpó Aksum tí a fi òkúta gbẹ́. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé Àgùdà. Bí òrùlé bá ti jò, tí àwọn ajogún kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò tún un ṣe, òjò ọdún mélòó kan ti tó láti wó ògiri tí ó ti dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti ọdún 1996 ni ìjọba ti fi àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ àti ààfin rẹ̀ sínú ìwé àbá fún ogún àgbáyé ti UNESCO. Àbá ni ó ṣì jẹ́. Ìwé kò lè di ògiri mú.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ eré ìje ti kan ẹgbẹ́ àṣà. Bí àwọn onímọ̀ ìṣètò nìkan bá ń ya ọ̀nà eré, títì gbọọrọ tí kò ní kòtò ni wọ́n máa ń yàn, nítorí ó yá fún ẹsẹ̀, ó sì rọrùn fún kámẹ́rà. Asáré yóò wọ ìlú, yóò jáde, kò ní rí ìlú. Ọ̀nà tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ ààfin àti àárín àwọn àdúgbò àtijọ́ kọjá a máa mú kí àwọn aláṣẹ gbá ibẹ̀, kí wọ́n tan iná síbẹ̀, kí wọ́n sì tijú ògiri tí ó ti ń wó. Àwọn agbátẹrù eré mọ kìlómítà. Àwọn ìdílé ni wọ́n mọ ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀, ibi tí ó yẹ kí a gbà, àti orúkọ tí ibẹ̀ ń jẹ́ kí àwọn Faransé tó fún un ní òmíràn. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì jókòó sí tábìlì kan.

Iṣẹ́ kan tún wà tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí olúkúlùkù ìdílé kọ ìtàn ilé rẹ̀ sí ojú ìwé kan, ní Yorùbá, ní Gùn, ní Faransé: ẹni tí ó kọ́ ọ, ibi tí ó ti wá, iṣẹ́ tí ó ṣe, ẹni tí ó bí. Kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà pàtẹ́wọ́ fún àwọn asáré mọ̀ ọ́n, kí wọ́n lè dá àlejò lóhùn bí ó bá béèrè pé, ilé ta ni èyí?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Asáré kò lè máa wo ẹ̀yìn, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ yóò ṣubú. Àwọn tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1908, àwọn ẹlòmíràn ló wọn ọ̀nà fún ayé láti ààfin tiwọn, àwọn ẹlòmíràn náà ló sì sọ orúkọ tí arọ́pò Toffa yóò máa jẹ́. Lónìí, kò sí ẹni tí ó dí àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ lọ́wọ́ láti wọn kìlómítà 21 tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Honmè, níwọ̀n ìgbà tí ògiri ibẹ̀ bá ṣì dúró.